Ohùn Pẹ̀lẹ́, Ohùn Líle: Balewa Láàrin Àwọn Orílẹ̀-èdè

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bá ní ojo ni Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba wa àkọ́kọ́. Ohùn Wúrà ni wọ́n ń pè é nígbà ayé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ohùn náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun le.

Òmìnira wa kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ilẹ̀ Faransé fi yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ kẹta ní aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 1960. Nàìjíríà ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, wọn kò gbọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 1961, Balewa fún ikọ̀ ìjọba Faransé ní wákàtí 48 péré láti kó ẹrù rẹ̀, ó sì ti èbúté wa mọ́ ọkọ̀ wọn. Ìṣe ojo kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá: ìyà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, Nìjẹ̀r àti Ṣáàdì, tí wọn kò ní òkun. Ìjọba sì ní láti dẹ okùn náà.

Bóyá ẹ̀kọ́ yìí ni ó mú kí ohùn rẹ̀ rọ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1965, Ian Smith àti àwọn òyìnbó Rodéṣíà fi ipá gba òmìnira fún ara wọn lórí àwọn ènìyàn dúdú. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfríkà ní bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá paná ọ̀tẹ̀ náà kí ó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, kí a kọ̀ ọ́ lọ́rẹ̀ẹ́. Gánà àti Tansaníà kọ̀ ọ́. Balewa kò kọ̀ ọ́. Ó pe àwọn olórí Commonwealth wá sí Èkó, ìpàdé tí kò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù rí. Láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1966 ni wọ́n fi jókòó. Harold Wilson fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kíká Smith lọ́wọ́ kò nínú òwò yóò ṣẹ́gun rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó di 1980 kí ilẹ̀ náà tó di Zimbabwe.

Ní àkókò kan náà, ilé ń jó. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá 1965, bẹntiróòlù ni a fi ń dáná sun ara wa ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a ń pè é ní wẹ́tìẹ. Ní 1962, Balewa ti fi òfin pàjáwìrì gba ìṣàkóso lọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-oòrùn. Lọ́tẹ̀ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpàdé Èkó parí ní ọjọ́ 12. Ní ọjọ́ 15 ni àwọn ọmọ ogun gbìmọ̀ dojú ìjọba bolẹ̀, tí wọ́n sì mú un lọ. Lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí Ọ̀tà ni a ti rí òkú rẹ̀.

Èmi kò pè é ní ojo. Ohun tí mo rí ni pé ohùn rẹ̀ dé Párísì, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kò dé Ìbàdàn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ó di ikọ̀ lọ́la, ẹ má ṣe gbàgbé: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.