Igba Ọdún Àwọn Amọ̀nà: Bí Chamonix Ṣe Di Ìlú Àlejò

Ní ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ àwọn amọ̀nà òkè ní Chamonix, tí wọ́n ń pè ní Compagnie des Guides, pé igba ọdún. Kò sí ẹgbẹ́ amọ̀nà òkè tó dàgbà jù ú lọ lágbàáyé. Ẹni tó bá ń palẹ̀mọ́ láti lọ lo ìsinmi ní ìlú kékeré yìí, tó wà nínú àfonífojì lábẹ́ Mont Blanc, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, á rí i pé ohun tó pọ̀ nínú ètò rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ṣètò kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ àgbà. Ìgbà tó yẹ kó lọ, ọ̀nà tó máa gbà, ẹni tó máa mú un gun òkè, gbogbo rẹ̀ ló ní ìtàn. Àlejò ló sọ Chamonix di ìlú, àwọn amọ̀nà ló sì kọ́ ìlú náà bí wọ́n ṣe ń gba àlejò.

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ fún fàájì. Ní nǹkan bí 1091 ni Aymon, ìjòyè tó ń ṣàkóso Geneva, fi gbogbo àfonífojì náà ta àwọn mọ́ńkì lọ́rẹ. Orí ilẹ̀ àwọn mọ́ńkì yìí ni àwọn àgbẹ̀ ti ń dáko, tí wọ́n ń sin màlúù àti àgùntàn. Àwọn òkè tó yí wọn ká, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń jẹ́ Òkè Ègún, Mont Maudit, títí di òní. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, òtútù mú lákọlákọ débi pé odò yìnyín sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó ń jẹ oko, ó sì ń sún mọ́ ilé. Ní 1644, bíṣọ́ọ̀bù Charles-Auguste de Sales kó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn lẹ́yìn, wọ́n tò lọ bá yìnyín náà, ó sì gbàdúrà lé e lórí pé kó padà sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n lé bí ọ̀tá nígbà náà ni àlejò ń sanwó lónìí kó tó lè rí.

Àwọn àlejò tí òkìkí wọn kọ́kọ́ kàn dé ní 1741. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, William Windham àti Richard Pococke. Láti Geneva ni wọ́n ti wá, wọ́n sì di ìhámọ́ra bí ẹni tó ń lọ sójú ogun, nítorí wọn ò mọ irú ènìyàn tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ kò bá wọn jà. Ńṣe ni wọ́n mú wọn gun òkè Montenvers, tí wọ́n sì fi odò yìnyín ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn wọ́n. Windham kọ ohun tó rí sílẹ̀, ìwé rẹ̀ tàn kálẹ̀ ní Yúróòpù, àpèjúwe tó sì ṣe nínú rẹ̀ ni yìnyín náà fi ń jẹ́ Mer de Glace, Òkun Yìnyín. Àwọn àgbẹ̀ yẹn gan-an ni mo kà sí amọ̀nà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ẹgbẹ́ kankan. Nígbà tó fi máa di 1770, obìnrin kan, Madame Coutterand, ti ṣí ilé èrò sí ìlú náà. Ibẹ̀ ni òwò hòtẹ́ẹ̀lì Chamonix ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1760 ni ọ̀mọ̀wé kan láti Geneva, Horace-Bénédict de Saussure, gbójú sókè wo Mont Blanc, tó sì kéde pé òun á fún ẹnikẹ́ni tó bá rí ọ̀nà dé ṣóńṣó rẹ̀ ní owó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni owó náà fi wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1786, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, dókítà ìlú náà, Michel-Gabriel Paccard, àti Jacques Balmat, tó máa ń wá òkúta dídán lórí òkè láti tà, dé ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ kankan kò dé rí. Wọn kò so okùn mọ́ra wọn. Ṣóńṣó náà ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rin mítà lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò bá mi lára mu rárá. Balmat gba owó náà, ó sì gba òkìkí, wọ́n wá ń pa ìtàn náà bí ẹni pé òun ló wọ́ dókítà gòkè. Ní 1887, ìlú gbé ère ńlá kan kalẹ̀: Balmat ń na ìka sí ṣóńṣó òkè, Saussure dúró tì í, ó ń wò ó. Saussure yìí, ọdún kan lẹ́yìn Paccard àti Balmat ló tó gun òkè náà, pẹ̀lú amọ̀nà méjìdínlógún. Paccard kò sí níbẹ̀. Ó di 1986, nígbà tí ìgunkè ọ̀hún pé igba ọdún, kí wọ́n tó gbé ère tirẹ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá dé Chamonix, ẹ rí i pé ẹ wo ère méjèèjì. Àwọn onífọ́tò máa ń pọ̀ nídìí ti Balmat. Ìdí ti Paccard máa ń tòrò.

Ẹ̀jẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ àwọn amọ̀nà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1820, Dókítà Joseph Hamel, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Rọ́ṣíà, gba amọ̀nà láti gun Mont Blanc. Ojú ọjọ́ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn náà ní àfonífojì ni pé àwọn amọ̀nà fẹ́ padà, àlejò ló ní kí wọ́n máa lọ. Òjò dídì tó ti rọ̀ jọ sórí òkè ya lulẹ̀, ó gbá amọ̀nà mẹ́ta lọ sínú kòtò jíjìn nínú yìnyín: Pierre Balmat, Pierre Carrier àti Auguste Tairraz. Kò sẹ́ni tó lè gbé òkú wọn jáde.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni àwọn tó kù kóra jọ dá Compagnie des Guides sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe ni àpò owó tí gbogbo wọn á jọ máa dá sí, kí opó amọ̀nà àti ẹni tó bá fara pa má baà di alágbe. Ìkejì ni tọ́ọ̀nù. Bí àwọn awakọ̀ ṣe ń tò ní gárèéjì, tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó bá kàn ló ń gba èrò, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe to orúkọ amọ̀nà. Amọ̀nà tó bá kàn ló ń mú àlejò lọ, ìbáà jẹ́ akíkanjú, ìbáà jẹ́ ọ̀lẹ. Ìjọba Sardinia, tó ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn, fọwọ́ sí òfin wọn ní 1823. Àwọn ọ̀gá àgunkè láti Lọ́ńdọ̀nù bínú sí tọ́ọ̀nù yìí gan-an, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn lè yan ẹni tó wu àwọn. Wọ́n jàre, nítorí ẹ̀mí ẹni kì í ṣe ohun tí à ń fún ẹni tó bá ṣáà kàn. Síbẹ̀, mo mọ ìdí tí àwọn àgbẹ̀ yẹn fi ṣe é: oṣù mélòó kan péré ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi ń wà níbẹ̀, gbogbo ilé ló sì ní ẹnu tó ń jẹun. Nígbà tó yá, wọ́n dẹ òfin náà. Ó sì pẹ́ tó jẹ́ pé ọmọ àfonífojì nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé; Roger Frison-Roche ni àlejò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà, ní 1930.

Àwọn mẹ́ta tó bọ́ sínú yìnyín ńkọ́? Yìnyín náà ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, ojú ènìyàn ni kò rí i. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Scotland kan, James Forbes, ṣírò bó ṣe ń yára tó, ó ní wọ́n á jáde nísàlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Ní 1861, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí egungun, aṣọ àti ohun èlò wọn ní ìsàlẹ̀ odò yìnyín Bossons. Ọ̀kan nínú àwọn amọ̀nà tó yè bọ́ lọ́jọ́ náà, tó ti di arúgbó, ló dá wọn mọ̀.

Ìgbà yẹn, Chamonix ti bọ́ sọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1860 ni wọ́n gbé Savoy, agbègbè tí Chamonix wà, fún Faransé, Napoleon Kẹta, olú ọba Faransé, àti aya rẹ̀ Eugénie sì wá wo Mer de Glace lọ́dún náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Albert Smith, tó gun Mont Blanc ní 1851, ti fi ọdún mẹ́fà sọ ìtàn ìrìn àjò rẹ̀ di eré orí ìtàgé tí èrò ń wọ́ lọ wò. Ní 1863 ni Thomas Cook, oníṣòwò ìrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn arìnrìn-àjò gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Switzerland. Ọkọ̀ ojú irin dé Chamonix ní 1901. Èyí tó ń gun òkè lọ sí Montenvers bẹ̀rẹ̀ ní 1909, òun ṣì ni àlejò ń wọ̀ dòní.

Ìgbà òtútù kì í ṣe ìgbà àlejò tẹ́lẹ̀. Dókítà kan níbẹ̀, Michel Payot, ló kọ́kọ́ ń wọ síkì, pákó gígùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, láti fi yọ̀ lórí òjò dídì lọ wo àwọn aláìsàn rẹ̀. Láti orí iṣẹ́ dókítà, ó di eré. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1924, orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún pàdé ní Chamonix láti díje. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó pè é ní Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ ti ìgbà òtútù. Bí ìlú náà ṣe di ìlú ìgbà méjì nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò, ẹ fi èyí sọ́kàn. Láti oṣù Kejìlá sí Kẹrin ni ti síkì, oṣù Keje àti Kẹjọ ni ti ìrìn lórí òkè. Ní oṣù Karùn-ún àti Kọkànlá, hòtẹ́ẹ̀lì púpọ̀ máa ń tìlẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ orí wáyà kì í sì í ṣiṣẹ́. Pápákọ̀ òfuurufú Geneva ló sún mọ́ ọn jù, bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ kì í gbà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ bí ọ̀nà bá dán. Ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló ṣì ń lò, físà Schengen ni kó gbà. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbé e dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n físà kan náà ló máa lò ní Switzerland àti ní Faransé. Bí ẹ bá dé sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ bèèrè káàdì àlejò, nítorí òun ni ẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin inú àfonífojì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkọ̀ orí wáyà tó ń lọ sí Aiguille du Midi, tí wọ́n ṣí ní 1955, máa ń gbé ènìyàn láti 1,035 mítà dé ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó tó ga tó 3,842 mítà, kó tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Orí máa ń fọ́ àwọn mìíràn lókè ọ̀hún, èémí á sì máa kúrú. Ẹ má sáré, ẹ sì wọ aṣọ òtútù, kódà nínú oṣù Keje. Ní ti Mer de Glace, ó ń dín kù lójú ẹni: nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ orí wáyà síbẹ̀ ní 1988, ìṣísẹ̀ díẹ̀ lẹ máa gbé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan yìnyín. Nígbà tó fi máa di ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àtẹ̀gùn ló ti wà láàárín, nítorí yìnyín ń yọ́ lọ. Ẹni tó ń ro pé òun á lọ nígbà mìíràn, kó má fi falẹ̀.

Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, ibi tó sì ti léwu jù fún àlejò láti dá rìn ni orí yìnyín, nítorí òjò dídì máa ń bo kòtò lójú. Ẹ gba amọ̀nà. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà wà láàárín ìlú, ẹ sì lè kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó gbéra. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ṣe ọdún wọn: wọ́n á pe orúkọ amọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àlùfáà á bù kún okùn àti àáké yìnyín, owó tó bá sì wọlé á lọ sínú àpò àwọn opó àti àwọn tó fara pa, èyí tí wọ́n ti ń dá sí láti 1821. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni èrò máa ń pọ̀ jù nílùú, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣe é gbọ́dọ̀ ti sanwó yàrá sílẹ̀ ṣáájú.