Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ìbò 1965

Ìtàn tòní ò jìnnà sílé. Láti Oníyanrìn títí dé Ọjà'ba, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe rédíò nígbà èwe wọn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n máa sọ. Àpótí kékeré tí wọ́n fi wáyà fà wọlé ni. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Lọ́dún 1953, ọ̀rọ̀ yìí dun Awólọ́wọ̀. Gómìnà Macpherson bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wí lórí rédíò ìjọba. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kóun fèsì, wọ́n kọ̀. Látàrí èyí ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ṣáájú ìbò àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ráyè jókòó tì í? Ọmọ Ìbàdàn ayé ọjọ́un nílé méjì: ilé nígboro, abà lóko. Wáyà ò dé abà. Ẹni tó ń ká kòkó, ohun tí onímọ́tò bá gbé wá ló ń gbọ́. Ìyá tó pàtẹ l'Ọ́jà'ba, ẹnu oníbàárà ni ìròyìn tiẹ̀ wà. Iṣẹ́ èèyàn ló ń pinnu ìròyìn tó máa dé etí ẹ̀.

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, 1965, nígbà ìkórè kòkó, ni wọ́n dìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ti Akíntọ́lá ní àwọn ló wọlé. UPGA ní èrú ni, wọ́n sì kéde èsì tiwọn. Lọ́jọ́ 15, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá jáde lórí rédíò. Ohùn mìíràn ni aráàlú gbọ́, tó ń ní kó kúrò lórí àlééfà. Wọ́n fẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ dá a sílẹ̀ lóṣù Kejìlá. Owó kòkó tún já wálẹ̀. Ẹni tó gbà pé wọ́n ti jí èsì òun gbé wá fi iná fèsì: wẹ́tíẹ̀ dé, ilé jó, ẹ̀mí lọ. Ìjọba ológun ló gbẹ̀yìn ẹ̀, lóṣù Kìíní 1966.

Lónìí, fóònù ti dé abà. Síbẹ̀, nígbà ìbò ọdún 2023, ọ̀pọ̀ wa wà lórí ìlà báńkì, a ń wá náírà tuntun, a sì ń gbọ́ ohùn orí WhatsApp tá ò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Èmi tí mo ń gé ohùn jẹun, mo mọ̀ pé kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti yí ọ̀rọ̀ ẹni po.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi ohùn kan ránṣẹ́ sí ìyá yín níbi tó ti ń tajà, ẹ bi í: ta ló sọ ọ́, níbo, nígbà wo? Òun ò ráyè wádìí. Ẹ̀yin ló gbà gbọ́. Ìbò nìkan ni èsì tá a lè fún asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ẹnu yín já a gbà.

Ó dìgbà kan ná.