ỌMỌ TÍ A BÍ ṢÁÁJÚ ÀKÓKÒ: Ìtàn Ìtọ́jú Rẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Ìjọ

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ń sọ nípa ara rẹ̀ nínú 1 Kọ́ríńtì 15:8, ó fi ara rẹ̀ wé ọmọ tí a kò bí ní àkókò tí ó yẹ. Síbẹ̀ òun ni Ọlọ́run fi ṣe ìránṣẹ́ sí àwọn Kèfèrí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rántí nígbà tí a bá gbé ọmọ olóṣù méje wá sí ilé àdúrà wa ní Siporex, ní Yopougon ti ìlú Abidjan, níbi tí àwọn ará Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń ṣòwò tí wọ́n sì ń tọ́mọ.

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni a ń pè ní ọmọ tí kò tó oṣù. Kò ní ọ̀rá lára, nítorí náà òtútù tètè ń mú un. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, kò lágbára láti mu ọmú dáadáa, àrùn sì tètè ń wọ̀ ọ́ lára. Àwọn àgbà a máa sọ pé olóṣù méje ń yè ju olóṣù mẹ́jọ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá lò sí i nínú ìyá rẹ̀ jẹ́ èrè fún un.

Ní ìlú Paris ní nǹkan bí ọdún 1880, oníṣègùn kan tí a ń pè ní Stéphane Tarnier rí àpótí tí a fi ń pa ẹyin adìẹ ní ọgbà ẹranko, ó sì ní kí a ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìkókó. Tẹ́lẹ̀ rí, nínú 100 ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó 2,000 giramu, 66 ni ń kú ní ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀. Lẹ́yìn tí àpótí dé, ó di 38. Pierre Budin tí ó tẹ̀ lé e rí i pé àpótí nìkan kò tó. Ó ní kí ìyá má ṣe jìnnà sí ọmọ rẹ̀, kí ó sì fún un ní wàrà ọmú.

Ní ọdún 1956, nọ́ọ̀sì kan, Jean Ward, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé àwọn ọmọ tí kò tó oṣù jáde sí afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Ó fi han àwọn oníṣègùn pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn lára ọmọ tí ibà apọ́njú ń ṣe ti mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí aṣọ bò ṣì pọ́n. Láti inú àkíyèsí yẹn ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí a ń lò ní ilé ìwòsàn lónìí ti wá. Ẹ̀yin ìyá, bí ojú ọmọ bá pọ́n, ẹ má ṣe fi oòrùn àárọ̀ nìkan tọ́jú rẹ̀; ẹ gbé e lọ. Ẹ má sì ṣe fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ní irú ẹ̀jẹ̀ tí òórùn kánfọ̀ ń bàjẹ́, èyí tí í mú kí ibà náà le sí i.

Ní ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ní ọdún 1978, àpótí kò kárí àwọn ọmọ. Oníṣègùn Edgar Rey Sanabria wá ní kí a gbé ọmọ lé àyà ìyá, kí ara kan ara. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ kangaroo, ẹranko tí ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Ìyá Yorùbá mọ ọ̀já. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àyà ni a ń de ọmọ yìí mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn. A ó wọ̀ ọ́ ní fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí nìkan, a ó gbé e ró láàárín ọmú méjèèjì, a ó sì yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè mí. Bí kò bá lè fa ọmú, a ó fún wàrà náà sínú ife fún un.

Ilé-Ifẹ̀ wà nínú ìtàn yìí. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn ibi márùn-ún, ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tànsáníà, tí a ti dán an wò láti gbé ọmọ lé àyà kété tí a bá bí i. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021: nínú àwọn tí a kọ́kọ́ dúró kí ara wọn balẹ̀, nǹkan bí 16 nínú 100 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28, nínú àwọn tí a gbé lé àyà lójú ẹsẹ̀, 12 ni. Ní ọdún 2022 Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo ilẹ̀ máa ṣe é.

Oyún tí ó pẹ́ jù náà ní ewu tirẹ̀. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 42, olóbì tí ń bọ́ ọmọ lè má lágbára mọ́. Awọ ọmọ a gbẹ, a sì máa bó, èékánná rẹ̀ a gùn. Ó lè yàgbẹ́ sínú omi kí ó sì fà á sí ẹ̀dọ̀fóró, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀. Àwọn kan a ní ọ̀tá ni ó so oyún náà. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí aboyún tí ó ti pé ọ̀sẹ̀ 41 ti wà lójú oníṣègùn.

Mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arábìnrin kan bímọ lóru kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ọmọ náà ń mí kíákíá, egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé. A fi aṣọ wé e, a sì ń gbàdúrà; èmi ni mo ní kí a dúró di òwúrọ̀. Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ti tutù. Kò rí ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ kò bá mi wí, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé.

Ará Samáríà inú ìwé Lúùkù da òróró sí ọgbẹ́, ó sì tún gbé ẹni náà lọ sí ilé èrò, ó sanwó. Nítorí náà, ẹ̀yin alàgbà àti ẹ̀yin ìyá ìjọ ní gbogbo ẹ̀ka, bí a bá bí ọmọ tí kò tó oṣù láàárín yín, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi owó ìjọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ọlọ́run tí ó gbọ́ ẹkún Mósè ọmọ oṣù mẹ́ta nínú apẹ̀rẹ̀ yóò gbọ́ tiwọn. Àmín.