Ìtàn Ìkọ́ àti Àfikún nínú Ètò WordPress, 2004 sí 2015

Nínú àyẹ̀wò yìí, a fẹ́ fi hàn bí ètò kọ̀ǹpútà méjì tí kò mọ ara wọn ṣe lè jùmọ̀ ṣiṣẹ́. Ní 2004, WordPress, tí a fi èdè PHP kọ, gba ìkọ́ sára, kí àfikún lè fi í rọ̀ mọ́ ọn láìtún inú rẹ̀ kọ. WooCommerce, ètò ìtajà ti 2011, tọ ọ̀nà kan náà. Àwọn tó ṣe é kò mọ Paystack, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015. Síbẹ̀, àfikún Paystack rọ̀ mọ́ ọn, ọlọ́jà sì ń gba náírà. Ṣùgbọ́n PHP kò sọ ọ́ di dandan pé kí a kéde irú ohun tí ètò kan ń fi lé èkejì lọ́wọ́. Bí àfikún bá yẹ àdéhùn, ó lè jẹ́ ìgbà tí oníbàárà ń sanwó ni àṣìṣe yóò hàn. Ìsopọ̀ tó dẹ̀ ń fẹ́ àdéhùn tó le.