Ọ̀dọ̀ Ta Lẹ Wọ̀ Sí ní Àjàṣẹ́?

Ní ọdún 1913 ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Àjàṣẹ́, èyí tí à ń pè ní Porto-Novo, gba Sakété dé Pobè, ó sì pin síbẹ̀. Nígbà náà, ará Adja-Ouèrè tó bá ń gbé epo tàbí èkùrọ́ lọ sí olú-ìlú lè wọkọ̀ ní Pobè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í fúnni ní ibi sùn. Ìbéèrè tó kù ni pé: “Ọ̀dọ̀ ta lẹ wọ̀ sí?”

Ilé ìbátan tàbí ilé oníbàárà àtijọ́ ni àwọn bàbá àti ìyá wa ń wọ̀ sí. Onílé ló ń tẹ́ni fún àlejò, òun ló ń júwe ọjà, òun náà ló ń ṣe onídùúró rẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran; ojú onílé ló ń yá lò.

Lónìí, àwa ọmọ wọn ń gba yàrá kékeré ní òtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú. Bẹ́ẹ̀dì kan, fáànù kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ wo ààfin Honmè àti mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil. A kò bú òtẹ́ẹ̀lì: a sanwó, a kò ni ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ bí a bá jáde, kò sí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà wa léèrè orúkọ àwọn ilé wọ̀nyẹn, kí a sì kọ wọ́n sílẹ̀, kí okùn náà má baà já mọ́ wa lọ́wọ́.