Òjò Ògùnpa, àti ẹ̀rọ tó ń kà á

Orí òkè Mápó ni mo dúró sí, tí mò ń wo òrùlé Ọjà'ba, òjò sì ti ṣú. Àgbà Ìbàdàn tó bá rí irú òjò yìí á rántí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ọjọ́ tí Ògùnpa ya wọlé, tó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka òjò? Láti bí 1662, ní Ìlú Ọba, ni Christopher Wren ti ṣe igbá tó ń da omi inú rẹ̀ nù fúnra rẹ̀ bó bá kún. Tòde òní jẹ́ igbá méjì bíi jáńgílófà: bí ọ̀kan bá dà, òòfà á pa switch dé, microcontroller á kà á ní ení.

Àmọ́ bó bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́wọ́, igbá lè dà kó má mọ̀. Interrupt ló ń ké sí i: "Dúró ná, ka èyí!" Switch náà tún máa ń gbọ̀n, ẹyọ kan á dà bíi mẹ́ta. State machine ló ń rántí pé, "Mo ti kà á." Kò ní ka òmíràn àfi tí switch bá ṣí, tó sì dákẹ́.

Bó bá kà á dín, ìkìlọ̀ á pẹ́. Bó bá kà á lé, ará àdúgbò á sá lásán. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ò ní sá mọ́.