Owó Àwo Tẹlifíṣọ̀n àti Owó Dátà ní Ọmùpò
Ní Ọmùpò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, kí onílé ṣírò owó kí ó tó fi íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò àwo DStv. Lóòótọ́, owó ètò Compact kúrò ní ₦15,700, ó di ₦19,000 ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ni àjọ NCC ti gbà pé kí owó ìpè àti ti dátà lè fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Owó àwo kì í pọ̀ sí i nítorí pé a wò ó pẹ́. Dátà ń tán. Wákàtí kan lórí Netflix lè jẹ GB 1, tàbí GB 3 bí àwòrán bá mọ́ gaara. Níbi tí ìdílé ti ń péjọ wo bọ́ọ̀lù, lójú tiwa, àwo ṣì dín owó. Àpọ́n tí ń wo fíìmù kan lọ́sẹ̀ ni dátà sàn fún.